Òdòdó Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Fún

Nígbàkúùgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Lilburn nítòsí Atlanta bá jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe láyé, mo máa ń gbọ́ nọ́ọ̀sì, mo máa ń gbọ́ kọ̀ǹpútà, mo máa ń gbọ́ lọ́yà. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun fẹ́ máa dá òdòdó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tí èmi fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe nìyẹn. Mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta, mo fi ra ilé tí mò ń gbé, ẹnì kankan kò sì rí mi kí n máa tọrọ jẹ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí gbogbo yín wá dà sínú ọgbà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ bí iṣẹ́ ṣe máa ń kọ́ ènìyàn, àti bó ṣe máa ń na ènìyàn nígbà mìíràn.

Jídé ni orúkọ mi. Uncle Jídé ni àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń pè mí, àwọn tó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ń pè mí ní Bàbá Olódòdó. Fìdítì ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń dáko ẹ̀gẹ́ àti ọsàn, èmi sì ti ṣe tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà kí n tó bá ìyàwó mi wá sí Atlanta. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn rárá. Ọgbà òdòdó ìlú ń wá ẹni tí yóò máa ro koríko, mo ní mo mọ ọkọ́ dì mú, wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń bọ́ wa. Ó parí.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ ni Miss Lottie. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. West End ló ń gbé, ọkọ̀ ojú irin ló ń wọ̀ wá, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ṣáájú rẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Òun ló ń mójú tó orúkọ gbogbo ohun tó ń hù nínú ọgbà náà. Bí òdòdó àjèjì kan bá yọ, òun ni yóò dá a mọ̀, òun ni yóò sì lu orúkọ rẹ̀ sára páànù pẹlẹbẹ kékeré tí a ń rì mọ́lẹ̀ nídìí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀gá tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè ni kí ẹ bẹ̀rù.

Oṣù kẹta ọdún ni mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òtútù ń lọ tí ìgbà ìrúwé ń wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Miss Lottie rán mi sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lábẹ́ àwọn igi ńlá pé kí n kó ewé gbígbẹ kúrò níbẹ̀. Mo dé ibẹ̀, mo rí àwọn nǹkan kéékèèké tó ń yọrí láàárín ewé, ewé mẹ́ta mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò sí lórí ebè, wọn kò sí lórí ìlà. Lóko bàbá mi, ohun tí kò bá sí lórí ebè, koríko ni. Mo fi ọkọ́ lé wọn. Mo ro ibẹ̀ mọ́ tónítóní, mo tún fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ náà, mo wá dúró, mò ń retí ìyìn.

Miss Lottie dé, ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó tún wo ilẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún yín. Ó ní, "Kí lo rò pé àwọn tó o ro yẹn jẹ́?"

Mo ní, "Koríko ni, mà."

Ó ní, "Trillium ni. Láti ọjọ́ tí èso rẹ̀ bá bọ́ sílẹ̀, ó máa ń tó ọdún méje kó tó yọ òdòdó àkọ́kọ́. Àárọ̀ kan péré lo fi ro ọdún méje dànù."

Kò lé mi. Ì bá sàn kó lé mi. Ó ní kí n ṣa gbogbo gbòǹgbò tí mo tú, kí n sì gbìn wọ́n padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Nígbà tí mo parí, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, n kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ohunkóhun nínú ọgbà náà fún ọdún kan gbáko. Bí àlejò bá bi mí pé òdòdó wo nìyí, kí n dáhùn pé n kò mọ̀. Bí mo bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, kí n ṣáà sọ pé n kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ìyà yẹn dùn mí ju ti gbòǹgbò lọ. Tíṣà ni mí. Nílé wa, bí ọmọdé bá bi àgbà ní nǹkan, àgbà á wá nǹkan sọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, á fi òwe bò ó mọ́lẹ̀. Èmi wá di ẹni tó ń sọ "I don't know" fún òyìnbó, fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, fún màmá àgbà kan tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá rose ni rose. Màmá náà fi àánú wò mí. Bí mo bá délé, màá rojọ́ fún ìyàwó mi, á ní kí n jẹun kí n sùn.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ohun tó sọ mí di ẹni tí mo jẹ́ ṣẹlẹ̀. Miss Lottie kó gbogbo àwa òṣìṣẹ́ jọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn kan náà, níbi tí ọkọ́ mi kò dé. Ó ní, "Kí ẹ tó fún òdòdó lórúkọ, ẹ kúnlẹ̀ fún un. Ẹni tó bá dúró wo òdòdó, àtàrí rẹ̀ nìkan ló rí."

Mo ní, "Mà, nílẹ̀ wa, obìnrin ló ń kúnlẹ̀. Ọkùnrin kì í kúnlẹ̀, dídọ̀bálẹ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀."

Ó ní kí n ṣe é kí òun rí i. Mo bá nà gbalaja sórí ilẹ̀ tútù, mo fi àyà gbálẹ̀. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wà nílẹ̀ yẹn, tí ojú mi bá ilẹ̀ dọ́gba, mo rí ohun tí ẹni tó dúró kò lè rí láéláé. Lábẹ́ ewé mẹ́ta trillium kan, òdòdó funfun kan sorí kodò, ó kọjú sílẹ̀, ewé sì bò ó pátápátá. Nínú ìwé ọgbà náà, èyí tó ń kọjú sókè nìkan ni wọ́n kọ pé ó wà lágbègbè yẹn.

Mo ní, "Mà, òdòdó kan wà lábẹ́ ibí o."

Ó kúnlẹ̀, kò rí i. Ó tẹ̀ síwájú, kò rí i. Obìnrin àgbà yìí bá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó lọ̀ dáadáa. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní ọdún mẹ́rìnlélógún ni òun ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo rò pé yóò dárí jì mí lọ́jọ́ náà. Ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára, ó ní, "Oṣù mọ́kànlá ṣì kù kí o tó lanu pe orúkọ."

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ́ mi. N kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo lè kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá bá òdòdó tí n kò mọ̀ pàdé, mo ní láti kọ ìdáhùn sáwọn ìbéèrè rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ìwé kankan. Ibo ló dúró sí? Ewé rẹ̀, ṣé méjì méjì ló kọjú síra, àbí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gba ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀? Ẹnu òdòdó rẹ̀, ṣé ó rí roboto ni, àbí ó ya? Òórùn wo ló ní? Oṣù wo la wà? Bí mo bá fo ìbéèrè kan, yóò dá ìwé náà padà láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ bi mí pé ibo ló dúró sí, mo sọ fún un pé a ní òwe kan nílé tó bá èyí mu, pé ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì, ibẹ̀ ló wà títí àwọn tó ń kun ògiri fi ṣí i kúrò.

Lọ́jọ́ tí ọdún mi pé, ó mú mi lọ sábẹ́ igi kan tí wọ́n ń pè ní dogwood, tó ti funfun láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ó yá, sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Dogwood ni, mà. Ṣùgbọ́n èyí tó funfun yẹn kì í ṣe òdòdó. Ewé ni. Òdòdó gan-an ni àwọn wóró kéékèèké tó wà láàárín."

Ó bi mí pé ìwé wo ni mo ti ka ìyẹn. Mo ní kì í ṣe ìwé. Bougainvillea wà níwájú ọ́fíìsì hẹdimásítà wa ní Fìdítì, òun náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewé aláwọ̀ pupa ni gbogbo ayé ń pè ní òdòdó. Miss Lottie rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò rí i kó rẹ́rìn-ín rí ṣáájú ọjọ́ náà. Inú mi dùn débi pé mo fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ibùdókọ̀ mi méjì kí n tó rántí wọ bọ́ọ̀sì.

Mo mọ iṣẹ́ náà, n kò ní tijú sọ ọ́. Ẹni tó bá fi ẹ̀lẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀, èmi sì ní sùúrù yẹn. Nígbà tó di ọdún kẹwàá, Miss Lottie fẹ̀yìn tì. Ó bọ́ gíláàsì kékeré tó máa ń so mọ́ ọrùn, èyí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó fi kọ́ mi lọ́rùn níwájú gbogbo ènìyàn. Ipò rẹ̀ di tèmi. Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti ráyè wọlé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún kọkànlá, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa ní àwọn fẹ́ wá wo ọgbà tí Uncle Jídé ti ń ṣiṣẹ́. Sister Bísí wà lára wọn. Nọ́ọ̀sì ni, àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan ni láti ilé, mo sì kà á sí àbúrò mi. Ó mú ọmọ rẹ̀ Tọ́míwá wá, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀yin tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sá kúrò ní ibi tí wọ́n bá ti ń yìn mí. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi tí mo lọ̀, mo fi gíláàsì kọ́rùn, mò ń pe orúkọ òdòdó bí ẹni ń ka rẹ́jísítà kíláàsì. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Sister Bísí nawọ́ sí fẹ́ǹsì kan lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní, "Uncle, yellow one tó gun fence yẹn ńkọ́? Ó fine gan-an."

N kò yíjú síbẹ̀ dáadáa. Mo ní, "Honeysuckle nìyẹn. Ẹ rántí ixora tá a máa ń fa omi ẹ̀ mu lójú ọ̀nà ilé-ìwé? Bákan náà ni wọ́n. Àwọn ọmọ ibí náà máa ń fà á mu."

Ó ní, "Ah, ixora! Tọ́míwá, come, let Mummy show you something tá a máa ń ṣe ní Nigeria." Ó fa ọmọ náà lọ́wọ́ lọ. Èmi kó àwọn yòókù síwájú.

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti mọ̀ pé honeysuckle ló wà lára fẹ́ǹsì yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù tó ṣáájú, mo ti lọ sí Fìdítì lọ sin bàbá mi, mo sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí mo wà nílé, àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ti hú honeysuckle náà kúrò nítorí pé ó ń gun àwọn òdòdó yòókù pa, wọ́n sì ti gbin ìtàkùn mìíràn sípò rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi sọ fún mi wà lórí tábìlì mi lábẹ́ ìwé mìíràn, n kò tíì kà á. Mo wo ilé, n kò wo ọmọ.

A ti jókòó jẹun nígbà tí Tọ́míwá di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ó ní, "Mummy, I see two of you." Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé eré ló ń ṣe. Ìgbà tí yóò wò ó dáadáa, ìpénpéjú ọmọ náà ti ń wálẹ̀, kò lè gbé e sókè. Wọ́n ní kó dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká sábẹ́ rẹ̀. Sister Bísí bojú wò mí, ó ní, "Uncle, kò jẹ nǹkan kan o. Flower yẹn nìkan ni. Ó ti tó bíi mẹ́wàá tó fà mu."

Mo sáré lọ síbi fẹ́ǹsì. N kò tíì dé ìdí rẹ̀ tí mo fi rí àṣìṣe mi. Ẹnu honeysuckle máa ń ya sí méjì, okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ á sì yọ jáde bí ahọ́n. Ẹnu èyí rí roboto, ó pín sí márùn-ún dọ́gbadọ́gba. Àti pé oṣù kẹta la wà, honeysuckle kì í là nílùú wa títí oṣù kẹrin yóò fi máa lọ sópin. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn nìyẹn. Jessamine ni, ìtàkùn tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ májèlé, láti gbòǹgbò dé oyin inú òdòdó. Mo já ẹ̀ka kan, mo sáré tẹ̀ lé wọn.

Ní ọsibítù, dókítà béèrè ohun tí ọmọ náà jẹ. Sister Bísí ní, "Honeysuckle. Uncle wa yìí, expert ni, he works at the garden, òun ló sọ fún mi." Mo rí i tí ojú dókítà náà rọ̀, nítorí pé honeysuckle kì í ṣe ọmọ ní nǹkan. Ẹ gbọ́, ìdí tí mo fi ń kọ ìtàn yìí nìyí. Ìṣẹ́jú kan péré ni, ṣùgbọ́n ọkàn mi sọ fún mi nínú ìṣẹ́jú yẹn pé kí n dákẹ́ ná, bóyá yóò lọ fúnra rẹ̀, bóyá ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ojú tì mí láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo wá gbé ẹ̀ka náà síwájú wọn. Mo ní, "No, doctor. I was wrong. It's jessamine. Oró ni."

Sister Bísí yíjú sí mi. Àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, wọ́n fi ẹ̀rọ sí i láti ràn án lọ́wọ́ kó lè mí, wọ́n ní orúkọ tí a dá yẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bá jà.

Miss Lottie gbọ́, ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti West End. Ó gba ẹ̀ka náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ní, "Ṣé o dọ̀bálẹ̀ fún un?"

Mo ní, "Rárá, mà."

Ó jókòó tì mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Tọ́míwá lajú, ó ní òun fẹ́ pancake. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bá Sister Bísí níbẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlá jù ú lọ. Ó ní, "Ẹ dìde, Uncle. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eléyìí kún un."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Sister Bísí kò bá mi jà. Lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo, ó ń kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe yẹ, ó ń béèrè ìyàwó mi, ó ń béèrè àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n kò tún bi mí ní orúkọ ohunkóhun tó ń hù láyé mọ́. Bí mo bá mú ọsàn wá fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, yóò dúpẹ́, yóò gba ti Tọ́míwá sínú àpò, n kò sì rí i kí ọmọ náà jẹ ẹ́ rí. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí, n kò sì bínú sí i.

Àwọn ọ̀gá ọgbà bá mi wí, wọn kò lé mi. Èmi fúnra mi ni mo ṣe òfin tuntun fún ara mi. Nílé wa, ọmọ kì í gba orúkọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ó di ọjọ́ kẹjọ. Mo ní láti ìgbà náà, kò sí òdòdó àjèjì tí n óò fún lórúkọ lọ́jọ́ tí mo bá kọ́kọ́ rí i. Màá wò ó lójoojúmọ́, nígbà tó wà ní èèhù, nígbà tó là, nígbà tó ń rọ, ọjọ́ kẹjọ ni màá tó kọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Amẹ́ríkà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Wọ́n tilẹ̀ mọ "ọjọ́ kẹjọ" pè, bí ohùn wọn tilẹ̀ ń lọ ibi tó wù ú.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Òòlù la fi ń lu orúkọ sára páànù, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì; bí o bá ṣi ọ̀kan lù, o máa jù ú nù, o máa tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé tó ń fín in. Lẹ́yìn ìyẹn, àwòrán dúdú àti funfun onígun mẹ́rin tí àlejò ń na fóònù sí. Ní báyìí fóònù fúnra rẹ̀ ló ń pe orúkọ òdòdó kí o tó mí. N kì í bá fóònù jà. Ó mọ nǹkan púpọ̀, ó sì sábà máa ń gbà á. Ó kàn jọ ọmọ kan tí mo kọ́ ní Fìdítì, tó máa ń nawọ́ sókè kí n tó béèrè ìbéèrè tán. Fóònù kò lè sọ pé òun ò mọ̀. Èmi lè sọ ọ́, ìyẹn ni wọ́n fi sanwó fún mi.

Ẹ̀yin tó ń yan iṣẹ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ lọ síbi tí ọ̀gá tó le bá wà. Ẹ má wá ibi tí wọ́n ti máa yìn yín ní ọdún kìíní. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́, kí ẹni tó lè tún un ṣe lè rí ibi mú. Miss Lottie ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, gíláàsì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Mo ti fẹ̀yìn tì ní ohun tó lé lọ́dún kan nígbà tí Sister Bísí wá sílé wa, Sátidé kan tí oṣù kẹrin ń lọ sópin. Òun náà ti di ìyá àgbà. Àánú, ọmọ Tọ́míwá tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wà ní Snellville bí Tọ́míwá bá lọ síbi iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó mú bébà ìnuwọ́ tútù kan jáde nínú báàgì, ó tú u. Òdòdó ló wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Uncle, nǹkan yìí ti gun fence mi ní backyard. Àánú ò kúrò nídìí ẹ̀. Mo fẹ́ gé e dànù. Tọ́míwá ní kí n má gé e, ó ya picture ẹ̀, phone ní honeysuckle ni." Ó tún ní, "Mo ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan rí."

Mo la ẹnu. Ó gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Ẹ má dá mi lóhùn lónìí. Wọ́n ti sọ fún mi tipẹ́ pé ẹ kì í sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní mọ́. Next Saturday, ẹ wá sílé mi. Ìyẹn di ọjọ́ kẹjọ."

Ìyàwó mi mọ̀ pé n kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Kì í ṣe pé n kò mọ òdòdó náà. Mo ti mọ̀ ọ́n kó tó tú bébà náà tán. Ẹnu rẹ̀ ya sí méjì, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, oṣù rẹ̀ sì pé. Mo fi í sínú omi, mò ń wò ó bó ṣe ń kúrò ní funfun tó ń di yẹ́lò. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí wọ́n gbé wá bá mi nìyẹn, n kò tíì rí ibi tó dúró sí.

Lọ́jọ́ kẹjọ mo dé Snellville. Tọ́míwá ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Uncle Jídé, ẹ káàárọ̀ sir. Honestly, mi ò tiẹ̀ rántí nǹkan kan nípa ẹ̀. Mummy ni kò gbàgbé." Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìnkùlé. Ìtàkùn náà ti bo fẹ́ǹsì láti igun kan dé èkejì. Ìtàkùn méjì lè lọ́ mọ́ra wọn lára fẹ́ǹsì kan, kí òdòdó wọn sì dàpọ̀, ìdí nìyẹn tí fóònù kò fi lè parí iṣẹ́ yìí. Mo di fẹ́ǹsì mú, mo rọra kúnlẹ̀, mo wá nà sílẹ̀, mo fi àyà gbálẹ̀.

Sister Bísí sáré wá. "Uncle, ẹ dìde. Ẹ ti bẹ̀ mí tán láti ọjọ́ yẹn."

Mo ní, "Bísí, kì í ṣe ìwọ ni mo dọ̀bálẹ̀ fún lónìí."

Tọ́míwá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo fi gíláàsì Miss Lottie sójú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo ibi tí ìtàkùn náà ti yọ nílẹ̀, mò ń fi ọwọ́ tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sókè. Ó gbà mí tó wákàtí kan. Ẹnì kankan kò pè mí.

Mo ní, "Honeysuckle ni. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, láti ilẹ̀ dé òkè. Òdòdó ẹ̀ ṣe é fà mu. Èso dúdú tó máa so tó bá yá, kò ṣe é jẹ o, kí ọmọ má fọwọ́ kàn án." Mo já ọ̀kan níbi tí mo wà nílẹ̀, mo fa ìdí rẹ̀, mo fi sẹ́nu. Ó dùn.

Sister Bísí wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó já ọ̀kan, ó fi èékánná gé ìdí rẹ̀, ó fa okùn inú rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é lójú ọ̀nà ilé-ìwé. Ẹ̀kán omi kan rọ̀ sí ẹnu okùn náà. Mo rò pé yóò tọ́ ọ wò ná. Kò tọ́ ọ wò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi kan ahọ́n Àánú.

Ọmọ náà lá ètè rẹ̀, ó ní, "More." Ìyá rẹ̀ àgbà já òmíràn fún un, ó sì tún já òmíràn. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè dìde, wọ́n sì ti gbàgbé mi síbẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sínú koríko, mò ń wò wọ́n.